PÀǸTÍ ỌJÀ WA, OÚNJẸ EKÒLÓ: BÍ A ṢE Ń SÌN ÍN NÍLÉ TÍ ARA RẸ̀ FI Ń LE

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan nínú wa lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ekòló ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ekòló tí àwọn apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ya ìwé yìí fi di àkàrà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó gbé wa dé ìdí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ wo ohun tó máa ń kù nílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó ti rọ, ṣọkọ tó ti pọ́n, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tó ti bẹ́, háhá àgbàdo, páálí tí wọ́n fi kó ẹrù wá. A ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ, a ó sì san owó fún àwọn kólẹ̀kódọ̀tí kí wọ́n tó kó o. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn kò bá wá, ó di òkìtì sẹ́yìn ìsọ̀. Òórùn á gbalẹ̀, eṣinṣin á bo ọjà, oníbàárà á di imú, á gba ibòmíràn lọ. Bí òjò bá sì rọ̀, inú gọ́tà ló ń lọ. Àwa tí ọjọ́ orí wa tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, bí omi ṣe gbé èèyàn àti dúkìá lọ. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú odò dá kún un.

Ohun tó ń dùn wá ni pé oúnjẹ ni a ń sanwó kí wọ́n bá wa kó dànù. Kì í ṣe oúnjẹ ọmọ èèyàn mọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Ẹran ọ̀sìn kan wà tó lè jẹ ẹ́, tí kì í ké, tí kì í jà, tí kò nílò ọgbà, tó sì ń sọ ohun tó bá jẹ di ajílẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ fẹ́ràn. Ekòló ni. Àwọn kan nínú wa ti ń sìn ín, àwa akọ̀wé yín náà ní rọ́bà mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rẹ̀, kò pé oṣù kan tí gbogbo rẹ̀ fi kú, wọ́n wá ń sọ pé irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Wọ́n sọ ekòló di àkìtàn ni. Ìdí abájọ nìyí tí a fi kọ èyí.

EKÒLÓ KÌ Í ṢE ARÀN

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò. Ìyá kan bi wá léèrè ní ìsọ̀ pé, "Akọ̀wé, ṣé kò ní wọ inú àwọn ọmọ mi?" Kò ní wọ̀ ọ́ o, màmá. Aràn inú lọ́tọ̀, ekòló lọ́tọ̀. Inú èèyàn tàbí inú ẹran ni aràn ti ń dàgbà. Ekòló ní tirẹ̀, inú ilẹ̀ àti abẹ́ ewé jíjẹrà ni ilé rẹ̀, kò lè gbé inú èèyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹyin aràn lè wà nínú ilẹ̀ tí èèyàn tàbí ajá ti yàgbẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹni tó bá tọ́jú ekòló, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kó tó jẹun. A ò sì gbọdọ̀ fi ìgbẹ́ èèyàn, ti ajá tàbí ti ológbò bọ́ ọ láé.

Bákan náà, ìdin kì í ṣe ekòló. Ọmọ eṣinṣin ni ìdin, bó pẹ́ títí á di eṣinṣin, á fò lọ. Ekòló kì í di nǹkan míràn, ekòló ni títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn àgbà mọ iyì rẹ̀. Àwọn ló ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Àgbẹ̀ tó bá rí ìgbẹ́ ekòló tó ṣù jọ sórí oko mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì kú.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tí a hùmọ̀ ní ìdí ìsọ̀ nìyí. Ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Darwin, kọ odidi ìwé kan lórí ekòló ní ọdún 1881. Ó ń sìn wọ́n nínú ìkòkò nínú ilé rẹ̀. Ó rí i pé bí wọ́n bá pariwo lé wọn lórí, wọn kì í mira. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìkòkò náà lé orí dùùrù, tí wọ́n sì tẹ dùùrù, kíá ni wọ́n á sá wọ ihò. Ekòló kò ní etí, ara ló fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ti ṣe olùkọ́ rí, Mary Appelhof, ní ìlú Kalamazoo, bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ekòló nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní 1972, nítorí pé òtútù ìlú wọn kì í jẹ́ kí pàǹtí jẹrà níta nígbà ọyẹ́. Pàǹtí ilé ìdáná rẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn. Ní 1982 ó kọ ìwé tó fi kọ́ àwọn onílé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìwé náà sì dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Obìnrin bíi tiwa ni.

Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ láyé àtijọ́, tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun títí dòní, ọdún 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ekòló fún ajílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Soviet túká ní 1991, ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń kó wọlé di ọ̀wọ́n gógó. Ajílẹ̀ ekòló wà lára ohun tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀.

Èyí tó wá jọ wá lójú jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ekòló tí wọ́n ń sìn jù ní Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ olóoru míràn, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni. Eudrilus eugeniae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ń rìn nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, owó ni wọ́n ń fi rà á níbòmíràn.

BÍ ARA RẸ̀ ṢE RÍ

Ẹni tí kò bá mọ ara ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kò lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan mẹ́rin nípa ekòló, gbogbo ìtọ́jú yòókù, inú mẹ́rin yìí ló ti ń jáde.

Èkíní, ekòló kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè mí. Bí ó bá gbẹ, ó kú. Bí omi bá sì mù ún pátápátá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, ó kú náà nìyẹn.

Èkejì, kò ní eyín. Ìwe ló fi ń lọ oúnjẹ, bíi ti adìẹ. Bí adìẹ ṣe ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ekòló nílò iyanrìn díẹ̀. Ohun tó bá rọ̀, tó ti ń jẹrà bọ̀, ló lè jẹ. Iṣu tútù tó le koránkorán kò lè wọ ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kò ní ojú, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ. Oòrùn ọ̀sán lè pa á láìpẹ́ rárá.

Ẹ̀kẹrin, ekòló kan ṣoṣo ni akọ, òun náà ni abo, síbẹ̀ méjì ní láti pàdé kí wọ́n tó bímọ. Èyí tó ti dàgbà máa ń ní nǹkan lára bí ẹni tó gba ọ̀já. Inú àpò kékeré kan, tí kò tó hóró ẹ̀wà, ni ẹyin rẹ̀ ń wà. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ọmọ 2 tàbí 3 á jáde nínú àpò kan. Ní bí oṣù 2 sí i, àwọn ọmọ náà á ti tó bímọ. Ẹ wo bí ajé ṣe ń pọ̀!

ILÉ TÍ A MÁA KỌ́ FÚN UN

Ẹ má lọ ra nǹkan tuntun. Rọ́bà pẹ́ńtì ńlá tí a ti fọ̀ mọ́, bèsìnì tó ti sán, tàbí àpótí pákó, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹni tó bá rí èyí tó fẹ̀, kó mú èyí tó fẹ̀ ju èyí tó jìn lọ, nítorí òkè òkè ni ekòló yìí ń gbé. Ìgbọ̀nwọ́ kan ti jìn tó.

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rọ́bà náà, bíi 10 sí 15, kí omi lè máa jò. Ẹ lu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lókè fún afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dí pa. Àpò ìdọ̀họ tó tutù dára ju ọmọrí ike lọ.

Lẹ́yìn náà la óò tẹ́ ibùsùn fún un. Ẹ ya páálí àti ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, kì í ṣe ìwé tó ń dán o. Ẹ fi háhá àgbàdo tàbí ewé gbígbẹ kún un. Ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi, kí ẹ sì fún un bí ẹni fún aṣọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fún un, kí ó kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, kó má ṣàn. Ẹni tó bá rí ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, tó ti gbẹ, tí kò rùn mọ́, kó dà á mọ́ ọn, ekòló fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan sí i nítorí ìwe rẹ̀. Kí ibùsùn náà ga tó ìdajì rọ́bà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 tàbí 4 kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀.

Ibo la máa gbé e sí? Abẹ́ òjìji, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí òjò kò lè rọ̀ sí i. Ẹ rántí dùùrù Darwin. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ata tàbí jẹnẹrétọ̀. Ìgbọ̀nrìrì yẹn kò ní jẹ́ kó sinmi, á máa wá ọ̀nà àtisá ni.

EKÒLÓ WO LA MÁA KÓ?

Kì í ṣe gbogbo ekòló ló ń gbé inú rọ́bà. Èyí tó rí ràkọ̀ràkọ̀ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí a fẹ́ ni èyí tó pupa rúsúrúsú, tó ń dán, tó ń gbé lókè ilẹ̀ lábẹ́ ohun jíjẹrà. Ẹ wá a sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sí abẹ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, sí etí kòtò tó tutù. Ẹ má kó o níbi tí wọ́n ti ń da epo mọ́tò tàbí oògùn apakòkòrò sí. Òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò ló ń rọrùn jù láti rí i.

Ẹ kó wọn lé orí ibùsùn, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kì í ṣe inú oòrùn. Àwọn fúnra wọn á wọlé. Èyí tó bá ṣì wà lókè lẹ́yìn wákàtí kan, ara rẹ̀ kò dá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ tan iná díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlejò ni wọ́n, ẹsẹ̀ àlejò kì í balẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí iná bá wà, wọn kò ní jáde sá lọ.

OÚNJẸ RẸ̀ ÀTI ÌWỌ̀N RẸ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á. Ẹ gbọ́ wa dáadáa.

Ohun tó dára fún un ni ẹ̀fọ́ tó ti rọ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, bàrà, èèpo iṣu tí a ti bọ̀, èèrí ògì díẹ̀, ewé tíì tí a ti rẹ, àti èèpo ẹyin tí a ti gbẹ tí a sì gún kúnná. Èèpo ẹyin yìí ṣe pàtàkì, òun ni kì í jẹ́ kí inú rọ́bà kan.

Ohun tí kò dára ni iyọ̀, epo, ọbẹ̀, ẹran, ẹja, ata, àlùbọ́sà, èèpo ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Èèpo pákí tútù náà kò dára, oró wà nínú rẹ̀, ó sì ń kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù gbóná jù fún un. Omi ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀rá kò ṣe é jẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣà á kúrò pátá.

Ìwọ̀n wo la máa fún un? Ekòló tó tó kílò 1 lè jẹ bí ìdajì kílò lójúmọ́ bí ara rẹ̀ bá le. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ 2 kò ní kílò 1 o! Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún un. Ẹ gé oúnjẹ náà wẹ́wẹ́, ẹ bò ó mọ́ inú ibùsùn ní igun kan. Lọ́jọ́ míràn, ẹ bọ́ sí igun kejì. Kí ẹ tó fi òmíràn sí i, ẹ tú igun àkọ́kọ́ wò. Bí oúnjẹ àná bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dúró. Ekòló tí ara rẹ̀ le kì í tètè kú nítorí ebi, ó lè jẹ ibùsùn rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Àjẹjù, omi àti ooru ló ń yára pa á.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláta wa fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ tòmátì tó bàjẹ́. Ó da apẹ̀rẹ̀ kan odindi sórí rọ́bà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun jíjẹrà tó bá pọ̀ jọ máa ń gbóná bí ààrò. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta, omi tòmátì ti kún ìdí rọ́bà, ooru wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, ekòló kò ríbi sá sí. Gbogbo rẹ̀ ló kú, rọ́bà sì ń rùn. Ìyá náà kò ṣe ìkà, pàǹtí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ṣe ìwọ̀n, kò fi ẹnu ekòló ṣe ìwọ̀n. Ṣé a máa da àpò àgbàdo kan sílẹ̀ fún adìẹ méjì?

ÀÌSÀN EKÒLÓ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ekòló kò lè pariwo pé ara ń ro òun. Ojú la fi ń rí i, imú la fi ń gbọ́ ọ. Ẹ máa tú rọ́bà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Bí rọ́bà bá ń rùn: Rọ́bà tó dára kì í rùn, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ló ń rùn. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tàbí tó ń kan, oúnjẹ tàbí omi ti pọ̀ jù. Ẹ kó oúnjẹ jíjẹrà náà jáde, ẹ fi páálí gbígbẹ àti ìwé ya sí i, ẹ rọra tú u kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ wo ihò ìdí rẹ̀ bóyá ó ti dí. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí gbogbo wọn bá ń gun ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wá sókè: Nǹkan kan ń lé wọn nínú ilé ni. Ẹ wò ó bóyá ó gbóná, bóyá ó kún fún omi, bóyá ó kan. Bó bá jẹ́ pé òjò ń ṣú nìkan ni, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ bo orí rọ́bà pẹ̀lú àpò, kí ẹ sì tan iná sí i.

Bí ara wọn bá wú ní oríkèé oríkèé bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: Èyí ló burú jù. Oúnjẹ tó lágbára jù, bí ẹ̀wà tàbí èèrí tó pọ̀, ti kan nínú wọn, ó sì ń wú wọn. Èyí tó ti rí bẹ́ẹ̀ ṣòro láti gbà là. Ẹ yọ oúnjẹ náà kúrò kíá, ẹ wọ́n èèpo ẹyin gígún sí i, ẹ kó àwọn tó kù sínú ibùsùn tuntun.

Bí wọ́n bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara wọn kò dán mọ́: Ó gbẹ ni. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ má dà á. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń rùn oògùn, ẹ bù ú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.

Bí eèrà bá wọ̀ ọ́: Eèrà fẹ́ràn ibi gbígbẹ. Ẹ mú kí inú rẹ̀ tutù sí i. Ẹ gbé rọ́bà lé orí tábìlì kékeré, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan bọ agolo tó ní epo ẹ́ńjìnnì tó ti gbó díẹ̀. Ẹ má fi oògùn eèrà fín in o, oògùn tó pa eèrà á pa ekòló. Àwọn ìjàlọ lè pa gbogbo rẹ̀ ní òru kan.

Bí kantíkantí bá pọ̀: Oúnjẹ wà lókè tí a kò bò. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tútù lé e lórí.

Àwọn ọ̀tá tó kù ni adìẹ, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ àti eku. Nẹ́ẹ̀tì líle lórí rọ́bà àti òkúta kan lórí rẹ̀ ti tó. Àwọn ọmọ ilé náà ń kọ́? Ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má máa fi igi gún un.

ÈRÈ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Lẹ́yìn oṣù 2 sí 3, ẹ óò rí i pé páálí àti ìwé ti pòórá, ilẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ ló kù. Ajílẹ̀ ekòló nìyẹn. Láti kó o, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan rọ́bà, ẹ tẹ́ ibùsùn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì máa bọ́ wọn níbẹ̀ nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ọ̀pọ̀ wọn á ti kó lọ síbi oúnjẹ. Ẹni tó bá ń kánjú lè da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá níbi ìmọ́lẹ̀, kó pín in sí òkìtì kéékèèké. Ekòló á sá fún ìmọ́lẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, a óò máa bu òkè òkè títí a óò fi kàn wọ́n.

Ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Bó bá jẹ́ inú kòkò tàbí àpò la ti ń gbin ata, òṣùwọ̀n kan ajílẹ̀ yìí sí òṣùwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀. Kì í jó ewé bí ajílẹ̀ òyìnbó tó pọ̀jù ṣe ń jó o. Omi dúdú tó bá jò sínú abọ́, ẹ fi omi púpọ̀ là á, ẹ dà á sí ìdí irúgbìn, ẹ má dà á sórí ewé tí ẹ fẹ́ kó wá ọjà. Bí ẹ bá rí ọmọ tòmátì tó ń hù níbẹ̀, kí ẹnu má yà yín. Ooru ilé ekòló kò tó láti pa hóró tòmátì. Ẹ lọ̀ ọ́ síbòmíràn, ìrè yín ni.

Ekòló tó bá pọ̀ jù, àwọn apẹja ń wá a, adìẹ àti ẹja àrọ̀ sì ń jẹ ẹ́. Bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ tán, ó ju ìdajì lọ nínú ohun tó kù tó jẹ́ irú oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sí adìẹ bẹ́ẹ̀, ó lè gbé ẹyin aràn adìẹ sínú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ tó fún un.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Ekòló kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó lọ́sàn-án kan òru kan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìsọ̀ yín pé kí ẹ fi owó gọbọi ra ekòló lọ́wọ́ òun, pé òun á máa rà á padà lọ́wọ́ yín ní ìlọ́po, ẹ sá fún un. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn, ó wó lulẹ̀ ní 2003, ekòló kún ilé àwọn tó ra á, kò sí ẹni tó wá rà á padà. A ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tiwa níbí, owó gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kì í padà wálé. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ekòló wà, ọ̀fẹ́ ni.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ KÀN WÁ

Rọ́bà kan kò lè jẹ òkìtì tó wà lẹ́yìn ìlà ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Bí èèyàn 40 nínú wa bá ní ekòló kílò kọ̀ọ̀kan, tí kílò kan ń jẹ ìdajì kílò lójúmọ́, kílò 20 ni lójúmọ́, kílò 140 ni lọ́sẹ̀. Ìyẹn ju àpò ìrẹsì méjì ńlá lọ, tí kò ní dé òkìtì, tí kò ní dé gọ́tà. Kò ní pa gbogbo pàǹtí run, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá ń sìn ekòló ní láti ya ọ̀rá sọ́tọ̀, kó ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀, kó ya páálí sọ́tọ̀. Bí a bá ti kọ́ ìyẹn nílé, kò ní nira fún wa ní ọjà. Ìgbà náà la máa lè jókòó pẹ̀lú àwọn kólẹ̀kódọ̀tí, kí a sọ fún wọn pé ẹrù wa ti fúyẹ́, kí owó náà fúyẹ́.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ó mú rọ́bà kan tó ti lu ihò sí àti páálí gbígbẹ wá. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. A máa pín ekòló nínú rọ́bà tiwa, ẹ̀kúnwọ́ 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí tí èyí tó ṣe é pín bá fi tán. Àdéhùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé, bí tiyín bá pọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin náà á pín ẹ̀kúnwọ́ 2 fún ẹni tó kàn. Ẹ̀yin tí tiyín ti kú tẹ́lẹ̀, ẹ má tijú, ẹ padà wá. Ẹ bọ́ ọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, láti ìlà ẹ̀fọ́